Orúkọ Ọkọ Mi ní Ẹnubodè

Apá mi ọ̀tún ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ wọ̀n. Ó na téèpù láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, ó wò ó, ó kọ nǹkan sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ló tún wọ̀n ọ́n. Nígbà tó na téèpù lẹ́ẹ̀kẹta, mo fa apá mi sẹ́yìn.

"Bùọ̀dá Telọ̀, ṣé apá mi ń gùn sí i ni?"

"Kò gùn sí i. Èmi ni mò ń gbàgbé."

"Ṣebí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mo kọ nǹkan kan sílẹ̀," ó wí, ó sì fi ìwé náà hàn mí. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ mi bí mo bá rí i. Tinúadé ló kọ síbi tó yẹ kó kọ nọ́ńbà sí.

Ọdún 1953 ni, nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlá. Ó wá wọn àwa ẹgbẹ́ akọrin fún aṣọ ọdún ìkórè. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rí ojú rẹ̀, wọ́n rí ojú mi, kí a tó délé wọ́n ti sọ ọ́ dorin:

Telọ̀ wọn apá, ó gbàgbé nọ́ńbà,
Telọ̀ wọn ọrùn, ó gbàgbé nọ́ńbà,
Ẹ bá wa bi í, kí ló fojú rí
Tí téèpù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Mo bínú sí wọn títí. Inú mi sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè jẹun.

Oyèlẹ́yẹ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀rà. Kí ó má ya ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí lẹ́nu pé mo kọ orúkọ ọkọ mi sílẹ̀ gbàǹgbà. Mo ti sanwó orúkọ náà, omi ojú ni mo fi san án, ẹ ó sì gbọ́. Ó ti lo ọdún mẹ́rin ní Kùmásì, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Iṣẹ́ aṣọ ló ń ṣe níbẹ̀. Ó wá sílé kí ó rí àwọn òbí rẹ̀, kí ó sì wá aya.

Bí ó bá ti rán aṣọ tán nírọ̀lẹ́, ó máa ń sin mí dé ìdí odò, ó máa ń sọ ayé fún mi.

"Tinú mi, bí o bá dúró létí òkun, o ò ní rí òdìkejì."

"Irọ́ nìyẹn. Omi wo ni kò ní òdìkejì?"

"Jẹ́ kí a jọ lọ, kí o fojú ara rẹ rí i."

Báyìí ló ṣe fẹ́ mi. Àwọn ọkùnrin mìíràn a máa fi aṣọ fẹ́ni, òkun ni tèmi fi fẹ́ mi.

Bàbá mi, Alfred, ni bàbá ìjọ wa. Nígbà tí Oyèlẹ́yẹ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tọrọ mi, bàbá jẹ́ kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ pẹ́ kí ó tó ní kí wọ́n dìde.

"Níbo ni ilé rẹ?" ó bi í.

"Ọ̀rà ni, sà."

"Mo mọ Ọ̀rà. Ilé tí o fẹ́ gbé ọmọ mi lọ ni mo ń bèèrè."

"Kùmásì ni, sà."

"Ní Kùmásì, bí o bá na ọmọ mi, ta ni n ó fi ẹjọ́ rẹ sùn? Ta ló mọ bàbá rẹ níbẹ̀?"

Oyèlẹ́yẹ tún dọ̀bálẹ̀. Bàbá yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀. "Ìgbín lọmọ yín yìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ilé rẹ̀ wà. Ọmọ mi kò ní fẹ́ ìgbín."

Ìyá mi, Dinah, ń gbé omi bọ̀. Ó ní, "Bàbá Tinú, ìgbín náà máa ń bímọ." Bàbá wò ó, ìyá mi sì gbé omi rẹ̀ padà sí ilé ìdáná.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá lé wọn. N kò ní fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀: mo sá tẹ̀lé e. Ìyá mi nìkan ló mọ̀. Ó di iyọ̀ àti irú fún mi, ó gba etí mi mú, ó ní, "Bọ̀wọ̀ fún ọkọ rẹ. Kí orúkọ rẹ̀ má ṣe já lẹ́nu rẹ láéláé."

Kò sí ìyàwó ilé wa tí kì í gba irú ìkìlọ̀ yìí. Obìnrin kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ìyá mi ti lo ogún ọdún nílé bàbá mi, n kò gbọ́ "Alfred" lẹ́nu rẹ̀ rí. "Bàbá Tinú" ni. Ìyàwó tí kò tíì bímọ ńkọ́? A pè é ní "ọkọ mi" tàbí "baálé mi," bí kò bá sì rí èyí tó bá ẹnu rẹ̀ mu, a wúkọ́ títí ọkọ á fi bojú wẹ̀yìn.

A wọ lọ́rì láti Ìlá dé Òṣogbo, láti Òṣogbo dé Ìbàdàn, láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta. Èmi gbé ẹrù aṣọ, òun gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ẹ̀yin tọkọtaya tó ń múra ìrìn àjò, ẹ gbọ́ mi. Ẹ pín gàárì yín sí àpò méjì, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé tirẹ̀. Bí mọ́tò bá gbé ẹnì kan lọ, ebi ò ní pa èkejì. Ẹni tí inú rẹ̀ ń rú ni kó jókòó sétí. Ẹ má sì jà nínú lọ́rì, nítorí gbogbo èrò ni yóò dá sí i, wọ́n á ti parí ìjà tiwọn kí ẹ tó parí tiyín. Àwa jà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta lórí ìgò òróró tí mo gbàgbé. Ìyá arúgbó kan gbè mí lẹ́yìn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ kó má bú ọkọ mi mọ́.

Ní ẹnubodè àkọ́kọ́, kí a tó dé Àjàṣẹ́, wọ́n to obìnrin lọ́tọ̀, wọ́n to ọkùnrin lọ́tọ̀. Akọ̀wé kan tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ ń kọ ìwé ìrìnnà fún wa.

"Orúkọ?"

"Tinúadé."

"Orúkọ ọkọ?"

Mo wo ẹ̀yìn. Ọkọ mi jìnnà, ó ń sọ ẹrù kalẹ̀. Mo tẹríba, mo ní, "Baálé mi ni."

Akọ̀wé kọ ọ́. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó nà án sí mi. Mo ká a, mo so ó mọ́ etí ìró. N kò kà á. Ọkọ mi náà kò bèèrè pé kí ni wọ́n kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìwé yín kí ẹ tó kúrò níwájú akọ̀wé. Bí ẹ ò bá mọ̀wé, ẹ ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á sókè kí etí méjèèjì gbọ́.

Ọ̀nà yẹn dùn, mi ò ní purọ́. Ní Àjàṣẹ́, àwọn àgbà ìlú ń fi Yorùbá kí wa, mo rò pé ayé kò tíì tóbi tó bí ọkọ mi ṣe wí. Ní Kútọnu, mo rí búrẹ́dì tó gùn tó apá mi, mo ní kí ọkọ mi wọ̀n ọ́n. Ní Lómè, mo kọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú èdè wọn, omi, ẹ ṣé, àti ẹ jọ̀wọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn tó ènìyàn lò ní ìlúkílùú. Ọkọ mi ní kí n má tíì yà sétí òkun, pé ó di ìgbà tí a bá kọjá ẹnubodè ìkẹyìn kí òun tó fi hàn mí. Bí a bá ń lọ, mo ń kọrin, ọkọ mi ń fi àtàǹpàkò lu ìdérí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, èrò ń gberin tí wọn ò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yìn Lómè ni ayé mi dàrú.

Ìlú kékeré kan létí òkun ni, lẹ́nubodè ilẹ̀ tí à ń lọ. Èdè wọn le lẹ́nu mi, n kò lè pe orúkọ ìlú náà títí dòní. Sájẹ́ǹtì kan jókòó sídìí tábìlì. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ tiwa. Ó ránṣẹ́ pe obìnrin kan tó ń ta àwo tánganran nítòsí, kó wá ṣe ògbufọ̀. Àmínátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀tan Ayégbajú. Nígbà tí mo gbọ́ Ọ̀tan, ìlú tó múlé ti Ìlá wa, ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tó rí ará Ọ̀tan lẹ́yìn Lómè ti rí ẹ̀gbọ́n.

Sájẹ́ǹtì ka ìwé mi. "Tinuade, ìyàwó Balemi." Ó gbójú sókè wo ọkọ mi. "Ìwọ ni Balemi?"

"Rárá, sà. Oyèlẹ́yẹ ni mí. Ó wà nínú ìwé mi."

"Balemi wá dà?"

"N kò mọ ẹnì kan tó ń jẹ́ Balemi, sà."

"O mú ìyàwó Balemi rìn láti Nàìjíríà wá síbí, o ò sì mọ Balemi."

Ó yé ọkọ mi lójijì, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Kò yẹ kó rẹ́rìn-ín. Ẹ má rẹ́rìn-ín níwájú ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àkókò yẹn, àwọn oníwàkiwà kan ń tan àwọn ọmọbìnrin kọjá ẹnubodè, wọ́n ti pàṣẹ fún àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n máa yẹ ìwé obìnrin wò dáadáa. Sájẹ́ǹtì kọjú sí mi, Àmínátù sì ń túmọ̀.

"Ó ní ta ni ọkùnrin yìí sí ọ?"

"Ọkọ mi ni, mà."

"Ó ní kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀. Mo tẹjú mọ́lẹ̀. "Ẹ sọ fún un pé ọkọ mi ni."

"Orúkọ ló bèèrè, ọmọ."

"Mà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lè pè é."

"Mo mọ̀. Mo ti lo ọdún mọ́kànlá lọ́dọ̀ tèmi, mi ò pè é rí. Ọkùnrin yìí ni kò mọ̀." Ó yíjú, ó ṣàlàyé fún sájẹ́ǹtì ní ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́. Sájẹ́ǹtì mi orí. Àmínátù túmọ̀ rẹ̀ fún mi pẹ̀lú ojú tó ti rẹ̀. "Ó ní àwọn obìnrin ìlú òun ń pe ọkọ wọn. Ó ní obìnrin tó bá ń bẹ̀rù orúkọ ọkùnrin, ọkùnrin náà gan-an ló ń bẹ̀rù."

Ọkọ mi ní, "Tinú, pè é. Mo yọ̀ǹda fún ọ. Pè é, jọ̀ọ́, ayànfẹ́ mi."

Mo la ẹnu, ikọ́ ló jáde. Mo tún la á, ẹkún ló jáde. Nígbà tí orúkọ náà máa fi já lẹ́nu mi, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí omi tó ń kán láti inú ìkòkò tó ya, sájẹ́ǹtì ti pa ìwé dé.

"Ọkùnrin yìí ti pe orúkọ ara rẹ̀ níṣojú gbogbo wa," ó wí. "Odídẹrẹ́ náà á lè sọ ọ́."

Wọ́n mú ọkọ mi wọ àhámọ́. Mo gbọ́ tí irin dún.

Àmínátù bá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Ohun tí sájẹ́ǹtì sọ kẹ́yìn rèé: lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, òun á gbé e lọ sí kóòtù pé ó jí ọmọ ọlọ́mọ gbé. Bí bàbá mi bá wá kí ọjọ́ yẹn tó pé, tó sì sọ pé òun fi ọmọ òun fún un, òun á tú u sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀wọ̀n ni, wọn á sì dá èmi padà sílé.

Bàbá mi. Nínú gbogbo ẹni tí Ọlọ́run dá, bàbá mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ iṣu aládùúgbò nígbà kan, ẹnikẹ́ni kò rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló ru iṣu tirẹ̀ lọ san án. Kì í purọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irọ́ á gbà á lọ́wọ́ ikú. Kò sì fi mí fún Oyèlẹ́yẹ. Bí kò bá wá, ẹ̀wọ̀n ni. Bí ó bá wá tó sọ òtítọ́, ẹ̀wọ̀n ni. N kò mọ èwo ni kí n máa gbàdúrà fún.

Àmínátù mú mi lọ sílé rẹ̀. Ó bá mi wá ẹni tó tẹ wáyà sí Òṣogbo, kí ẹni tó bá ń lọ sí Ìlá mú un lọ: "Ọlọ́pàá mú Oyèlẹ́yẹ. Wọ́n ní ó jí mi gbé. Bàbá, ẹ wá." Lẹ́yìn ìyẹn, a jókòó, a ń retí.

Ní àràárọ̀ ni mo ń gbé oúnjẹ lọ sí fèrèsé àhámọ́, mo ń kọrin lẹ́yìn ògiri kí ó lè mọ̀ pé mo ti dé. Àwọn ọlọ́pàá ti ríṣẹ́ fún un. Wọ́n gbé ṣòkòtò péńpé wọn tó ya wọlé tọ̀ ọ́, ó ń fi ọwọ́ rán an.

"Tinú mi, sọ fún Àmínátù kó sọ fún sájẹ́ǹtì pé bọ́tìnnì rẹ̀ kù méjì."

"Ẹ tún ń wá bọ́tìnnì fún ẹni tó tì yín mọ́lé?"

"Iṣẹ́ ni iṣẹ́. Bí mo bá lọ sẹ́wọ̀n, kó má jẹ́ pé wọ́n ní mo ràn án láìdáa."

N kò lè rẹ́rìn-ín. Mo padà sílé Àmínátù, mo da ojú délẹ̀ lórí ẹní.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ibà mú un. Ó jókòó sídìí fèrèsé, ó fi orí ti ògiri, ohùn rẹ̀ ti há.

"Tinú mi."

"Ọkọ mi."

"Bí wọ́n bá dá mi lẹ́wọ̀n, má dúró níbí. Máa lọ sílé. Bàbá rẹ á gbà ọ́."

"N kò lọ."

"Ọmọdé ṣì ni ọ́. Ẹlòmíràn á fẹ́ ọ. Ẹni tó ní ilé."

"Bí ẹ bá tún sọ bẹ́ẹ̀, inú ọjà ni n ó ti máa pariwo orúkọ yín."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ikọ́ gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Bàbá rẹ rí mi dáadáa. Ìgbín ni mí. Wò ó bí wọ́n ṣe ká mi mọ́nú ìkarahun."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi òkun tan ọmọ ènìyàn ni, kì í ṣe ẹni tó ń gbè sẹ́yìn ọ̀tá ara rẹ̀.

Mo rìn títí mo fi dé etí òkun. Òótọ́ ló sọ, kò ní òdìkejì. Òun ló yẹ kó fi hàn mí, kó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo pè é nírọ́. Èmi nìkan ni mo dúró níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, nítorí bí mi ò bá kọrin, àyà mi á bẹ́:

Òkun, o ò lódìkejì,
Ẹkún mi náà ò lódìkejì.
Mo tẹ̀lé ọkọ dé etí omi,
Wọ́n gba ọkọ, wọ́n fi omi sílẹ̀ fún mi.

Mo ń kọ ọ́, mo ń wọ inú omi. Kì í ṣe pé mo pinnu ohunkóhun. Ẹsẹ̀ mi kàn ń lọ ni. Omi dé orúnkún mi, ó dé itan mi, ó ń fà mí. Ẹnì kan gbá ìró mi mú láti ẹ̀yìn, ó fà á débi pé mo ṣubú sórí iyanrìn.

Àmínátù ni. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Níbo lò ń lọ? Ṣé Balemi ló ń pè ọ́ nínú omi?"

Mo bú sẹ́kún. Ó jókòó sínú omi tì mí, pẹ̀lú aṣọ rere tó wọ̀.

"Gbọ́," ó wí. "Ọkùnrin yẹn ń gbọ́ orin rẹ láràárọ̀. Sájẹ́ǹtì sọ fún mi pé kì í jẹun títí o fi máa kọrin lẹ́yìn ògiri. Bí o bá kú, ta ló máa bá mi gbé àwo lọ fún un? Dìde. Aṣọ mi ti bàjẹ́."

Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí n dá nìkan rìn mọ́. Ọjọ́ kẹwàá kọjá. Ọjọ́ kọkànlá kọjá. Ní ọjọ́ kejìlá, sájẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé kóòtù, mo rí i láti ojú fèrèsé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹtàlá, lọ́rì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ọkùnrin arúgbó kan sọ̀kalẹ̀. Erùpẹ̀ ti sọ kóòtù funfun rẹ̀ di pupa. Ó fi agbòòrùn ṣe ọ̀pá, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ẹni tí ìlú gbé sọnù. Bàbá mi, tí kò kọjá Òṣogbo rí láyé rẹ̀.

Mo sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Níbo ló wà?"

Àmínátù ṣíwájú wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo fẹ́ sọ fún bàbá pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ purọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run lẹ́yìn náà. Ẹnu mi kò gbé e. Ẹni tí mo fi ìtìjú sílẹ̀ fún nínú ìjọ rẹ̀, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi kọ́ ọ ní irọ́?

Wọ́n mú ọkọ mi jáde. Ó ti gbẹ, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀. Bí ó ṣe rí bàbá mi, ó na gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Ọlọ́pàá kan rò pé ó dákú ni, ó fẹ́ gbé e.

"Ẹ fi í sílẹ̀," bàbá mi wí. "Ó ń kí mi ni."

Sájẹ́ǹtì ṣí ìwé ńlá rẹ̀. "Baba, ṣé ọmọ rẹ nìyí?"

"Ọmọ mi ni."

"Ṣé o mọ̀ nígbà tó ń kúrò nílé rẹ?"

"N kò mọ̀."

Àmínátù fà á nílẹ̀ kó tó túmọ̀ rẹ̀. Sájẹ́ǹtì kọ ọ́. "Ṣé o fi í fún ọkùnrin yìí?"

Mo wo ẹnu bàbá mi. Mo ń fi ọkàn mi ti ẹnu náà, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn.

"N kò fi í fún un," bàbá wí.

Ọkọ mi kò gbé orí sókè nílẹ̀ tó wà. Sájẹ́ǹtì fi pẹ́ńsù rẹ̀ sínú àpò. Ó fẹ́ pa ìwé dé, bàbá mi fi ọwọ́ lé ojú ìwé náà.

"N kò tíì parí ọ̀rọ̀. Obìnrin yìí, bá mi sọ gbogbo rẹ̀ fún un, má yọ ìkan kúrò. Ọjọ́ márùn-ún ni mo lò lójú ọ̀nà. Ìyá ọmọ yìí ní bí mi ò bá wá, òun á wá, òun ò sì mọ̀nà. Ní gbogbo ibi tí mo sọ̀kalẹ̀ sí ni mo ti bèèrè telọ̀ kan tó gbé ọmọbìnrin kan lọ. Mo ń tọ ipasẹ̀ olè.

"Ní Àjàṣẹ́, obìnrin tí wọ́n sùn sílé rẹ̀ sọ fún mi pé ẹní kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ òun. Telọ̀ rán aṣọ gbogbo ọmọ òun láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, kí ìyàwó rẹ̀ lè rí ẹní náà sùn. Telọ̀ fúnra rẹ̀ sùn sórí ilẹ̀ níta. Ó bẹ òun kí òun má sọ fún ọmọbìnrin náà."

Mo yíjú wo ọkọ mi. Ó ti sọ fún mi pé inú obìnrin náà ló dára.

"Ní Kútọnu, dẹ́rẹ́bà kan sọ fún mi pé telọ̀ fi gbogbo ọ̀nà dúró sójú òòrùn lẹ́yìn lọ́rì kí ìyàwó rẹ̀ lè jókòó síbòji. Ní Lómè, ẹlẹ́ja kan ní ẹja kan ṣoṣo ló rà, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ti jẹ tòun. Ẹlẹ́ja mọ̀ pé kò jẹ nǹkan kan." Bàbá mi nu ojú. "Ìlú mẹ́ta ni mo wá olè dé. N kò rí olè. Ọkọ ni mo ń bá pàdé."

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó fa ọkọ mi dìde nílẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi. Ó gbé ọwọ́ mi, ó fi lé ọwọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì dé wọn.

"Oyèlẹ́yẹ, gba Tinúadé, ọmọ mi. Mo fi í fún ọ. Ibi tí ẹ bá ń lọ, kí Ọlọ́run ṣáájú yín dé ibẹ̀. Ẹ ó bímọ ọkùnrin, ẹ ó bímọ obìnrin. Ẹ ò ní sin ara yín ní kékeré."

"Àmín," Àmínátù wí. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà ṣe àmín, tí kò gbọ́ ohun tó ń ṣe àmín sí.

Bàbá mi yíjú sí tábìlì. "Ọ̀gá, tún bi mí."

Sájẹ́ǹtì fa ìwé ńlá náà sọ́dọ̀. Ó yọ pẹ́ńsù padà. "Baba, ṣé o fi ọmọ rẹ fún ọkùnrin yìí?"

"Mo fi í fún un."

"Nígbà wo?"

"Ní ìsinsìnyí. Ojú rẹ ni mo ṣe é."

Sájẹ́ǹtì kọ̀wé gan-an, ó kọ ọ́ títí. Lẹ́yìn náà ó juwọ́ sí ẹnu ọ̀nà. A jáde.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹkún tí mo sun nígbà náà, ẹkún ìyàwó ni, èyí tí mi ò sun nílé bàbá mi nítorí pé mo sá. Mo jókòó sábẹ́ igi níwájú àgọ́ ọlọ́pàá, mo gbé e:

Ẹ wá wò mí, ẹ̀yin ará ìlú tí mi ò mọ̀,
Bàbá mi rìn jìnnà wá fi mí fọ́kọ.
Wọn ò kì mí láàfin, wọn ò kì mí lágbo ilé,
Lẹ́nu ọ̀nà àhámọ́ ni wọ́n ti súre fún mi.

Àmínátù ń gbè é, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Kò sí èyí tó lè wo ojú èkejì nínú wọn.

Bàbá mi sùn ọjọ́ kan péré. Ó ní ọjọ́ ìsinmi ń bọ̀, òun ò lè fi ìjọ sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ a sìn ín dé ibùdókọ̀. Mo rò pé ó máa ní kí a tẹ̀lé òun padà. Mo ti ń wá ọ̀nà tí n ó fi sọ pé rárá, láìjẹ́ pé mo sọ pé rárá.

Ó wọ lọ́rì, ó jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Ó na ojú jáde wo ọ̀nà Kùmásì, ó wo ọ̀nà Lómè, ó wo àwa méjèèjì tí a kúnlẹ̀, tí a dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀.

"Ẹ dìde," ó wí. "Ẹ máa lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìlá kò ní kúrò níbi tó wà."